Púlọ́ọ̀gì Kẹta

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aláago kan ní Òkè-Ọ̀sun, n'Ìkẹ́rẹ́,
nígbà tí òjìji Olósùnta bá ti ń wọ́ bọ̀ sórí páànù,
àwa mẹ́ta a jókòó yí tábìlì ká ní Sátidé,
àgbàlagbà tí ń fi ike kan ọkọ̀ tí kò lè gbé èèrà.
Ìyàwó mi ní, "Eré ọmọdé yẹn náà lẹ tún ń lọ?"
Mo ní eré ni.
Ọwọ́ àgbà la fi ń ṣe é.

Fápohùndà kì í kun nǹkan.
Ó ní ọ̀dà ni irọ́ àkọ́kọ́.
Ìhòòhò ló fẹ́ràn ike, ní àwọ̀ eérú tó bá wá sáyé,
kí oríkèé hàn, ká rí ibi tí apá ti bá apá pàdé.
Ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ha etí ìyẹ́ bàálù kan
pẹ̀lú sáńpépà tó ti gbó ju ṣòkòtò rẹ̀ lọ.

Abọ́ṣẹ̀dé, nọ́ọ̀sì ni,
ọwọ́ tó ń wá iṣan lára ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Kí oríkèé là gbàgà, kò kàn án.
Ó ní mọ́tò tí kò tíì jẹ ẹrẹ̀, páálí ló ṣì wà.
Ó ń bu erùpẹ̀ pupa lójú ọ̀nà Ìsẹ̀,
ó ń fi asẹ́ ògì kù ú, ó ń pò ó mọ́ ọ̀dà,
ó ń fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́ títí irin tí kì í ṣe irin
yóò fi dógùn-ún lójú wa.

Èmi ní tèmi, búrọ́ọ̀ṣì kan, irun mẹ́ta ló kù lórí rẹ̀.
Bí wọ́n ṣe yà á sára páálí ni mo fẹ́ kó rí,
nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà, búlúù tí kò gbọdọ̀ yẹ̀.
Lọ́dún kan ọyẹ́ fẹ́ wọlé, eruku bà lé bàálù mi
tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.
Abọ́ṣẹ̀dé pàtẹ́wọ́: "Ọlọ́run ti bá ọ parí rẹ̀!"
Odindi ọ̀sẹ̀ kan n kò kí i.

Lẹ́yìn náà la dáwó ra lọ́rì,
irú èyí tí bàbá mi fi ń kó iṣu àti pákó lọ sí Jẹ́bà.
Ìjà dé.
Mo ní kó rí bí ọjọ́ tí wọ́n rà á,
Abọ́ṣẹ̀dé ní kó rí bí ọjọ́ tí wọ́n tà á.
A pín in: ọ̀tún tuntun, òsì gbígbó.
Fápohùndà kò dá sí i. Ó wà nídìí ẹ́ńjìnnì,
ó ń fi òwú ìránṣọ ṣe wáyà púlọ́ọ̀gì, mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ní, "A ó fi gúlù lẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì pa. Ta ni yóò rí i?"
Ó ní, "Èmi ti rí i."

Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ti bò.
A gbé e lé e lọ́wọ́.
Ìka rẹ̀ gba orí búlúù mi kọjá, kò dúró.
Ó kan ẹrẹ̀ Abọ́ṣẹ̀dé, ó fi ìka ra ìka, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
"Uṣẹ́ ńlá."
Ó wá gbé lọ́rì náà sétí.
"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́?"
Fápohùndà dìde dúró bí ọmọ ilé ìwé:
"Ó wà ńbẹ̀, bàbá. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà."
"Mẹ́fà," ni bàbá mi wí. "Ìkẹta kì í jó dáadáa."

Ní Sátidé kejì Fápohùndà mú abẹ wá.
Ó fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
A bẹ̀ ẹ́, a bú u, a gba abẹ, ó tún yọ òmíràn lápò.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí mo tan àtùpà,
ó na ọwọ́ sí Abọ́ṣẹ̀dé, kò wo ojú rẹ̀:
ṣé ó lè fún òun ní ọ̀dà dúdú,
ẹ̀kán kan péré.